Láti Ẹnu Sílíńdà dé Imú Aláìsàn: Ìtàn Yíyan Ohun Èlò Ọ́síjìn, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Ore àti Odigbo

Ìfáàrà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìtàn bí àwọn oníṣègùn ti ń yan ohun èlò tí wọ́n fi ń fún aláìsàn tí kò lè mí délẹ̀ ní ọ́síjìn. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ àpérò àwọn onímọ̀ ìtàn. Èrò tiwa ni pé ohun èlò ìwòsàn ní ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìbọn àti reluwé ti ní i, àti pé ìtàn náà ló sábà máa ń ṣàlàyé ìdí tí aláìsàn kan fi yè ní Ìbàdàn tí ẹnì kejì rẹ̀, tí àìsàn kan náà ń ṣe, fi kú sójú ọ̀nà. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe mí ni Yorùbá ti ṣẹ̀dá ẹ̀mí àti èémí. Ẹni tí ó bá ń wádìí bí èémí ṣe ń wọ inú ènìyàn, ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ gan-an ni ó ń wádìí.

Ìdí tí a fi mú Ore àti Odigbo gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́kasí kò ṣòro láti rí. Oríta ni Ore. Ọ̀nà tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Ìlú Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti yà. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ọdún 1967: ọmọ ogun Biafra wọ Ìlú Bìní ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ìhà Èkó kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró ní Ore. Láti ìgbà náà ni ìjà Ore ti di ohun tí a fi ń ṣe àpèjúwe ọ̀ràn tó le kú. Àwọn ọmọ òde òní mọ ìlú náà sí ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí ìlà oòrùn ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Ore náà ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, tí ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 230,000. Kòkó, ọ̀pẹ, àti igi gẹdú ni iṣẹ́ wọn, ilé ìlagi sì pọ̀ níbẹ̀.

Nínú irú ìlú báyìí, oríṣi ènìyàn mẹ́rin ni èémí lè dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọdé tí òtútù àyà mú, ọmọ tuntun tí a bí láìpé oṣù, arìnrìn-àjò tí ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ egungun ìhà rẹ̀, àti àgbàlagbà tí ikọ́ fée tàbí èéfín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọ́síjìn ni gbogbo wọn nílò, ṣùgbọ́n ohun èlò kan náà kò lè bá gbogbo wọn mu. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé, láti ìgbà tí ọ́síjìn ti di oògùn, ohun mẹ́ta ló ti ń du àṣẹ lórí yíyan ohun èlò rẹ̀: ohun tí àìsàn ń bèèrè, ohun tí ọ̀nà àti iná mọ̀nàmọ́ná lè gbé dé, àti ohun tí ojú olùtọ́jú lè rí. Ní ilẹ̀ tiwa, èkejì ló ti borí àwọn yòókù fún ìgbà pípẹ́, owó rẹ̀ sì ti ga.

Bí àwọn ohun èlò náà ṣe dé

A kò ní pẹ́ lórí ìṣàwárí ọ́síjìn fúnra rẹ̀. Scheele ará Sweden àti Priestley ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rí i, tí Priestley fi tirẹ̀ han aráyé lẹ́yìn àyẹ̀wò tí ó ṣe ní 1774; Lavoisier ará Faransé ló sọ ọ́ lórúkọ. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, bí ẹni ń fi iṣẹ́ ṣeré ni àwọn oníṣègùn ń lò ó. Wọn a gbé ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ ẹnu aláìsàn, afẹ́fẹ́ náà a sì fọ́n ká inú yàrá.

Ogun ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù kẹrin 1915, àwọn ará Jámánì tú gáàsì olóró sílẹ̀ ní Ypres, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ogun sì bàjẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. John Scott Haldane, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣe ìbòmú kan tí ó ní àpò, ó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1917. Ẹ̀kọ́ tí ó fi lélẹ̀ kò díjú: òṣùwọ̀n ni kí a fi fún aláìsàn ní ọ́síjìn, bí a ti ń fi òṣùwọ̀n fún un ní oògùn mìíràn. Ní 1938, àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Boothby, Lovelace àti Bulbulian, gbé ìbòmú mìíràn jáde tí àwọn awakọ̀ òfuurufú náà lò. Láti ìgbà yìí ni èrò kan ti fìdí múlẹ̀, tí kò sì tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní, pé bí ohun èlò bá ti tóbi tó tí ó sì bo ojú tó ni agbára rẹ̀ ṣe tó, àti pé ọ́síjìn kò lè pọ̀ jù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló já èrò náà nírọ́. Èkíní ni ti àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù. Láàrin 1940 sí 1955, ní àwọn ìlú tí ó ní ọ́síjìn jù lọ, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú. Ní 1951, Kate Campbell ní Melbourne tọ́ka sí ọ́síjìn àpọ̀jù tí a ń fún wọn nínú àpótí ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á. Stevie Wonder, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n bí ní 1950, wà lára àwọn tí ó pàdánù ojú wọn báyìí. Ẹ̀rù ba àwọn oníṣègùn, wọ́n dín ọ́síjìn kù fún gbogbo ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì kú nítorí pé èyí tí wọ́n rí kò tó. Kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé oògùn ni ọ́síjìn, àti pé àpọ̀jù rẹ̀ àti àìtó rẹ̀ ń pani lára.

Èkejì ni ti àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Lára irú wọn, ọ́síjìn púpọ̀ lè mú kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n dayọ́sáìdì, máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ títí aláìsàn yóò fi sùn lọ. Moran Campbell wá ọ̀nà àbáyọ ní 1960. Ó lo ọgbọ́n tí a ń fi orúkọ Venturi pè: ọ́síjìn gba ihò tóóró kan jáde pẹ̀lú agbára, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá mọ́ra ní ìwọ̀n tí ìtóbi ihò náà ti pinnu. Bí aláìsàn mí kíákíá, bí ó mí jẹ́jẹ́, ìwọ̀n tí ó ń wọ imú rẹ̀ kò yí padà. Àwọn ẹnu ìbòmú yìí ní àwọ̀ tirẹ̀, aláwọ̀ búlúù fún 24%, funfun fún 28%, pupa fún 40%, àwọn yòókù sì wà. Lójú tiwa, iṣẹ́ Campbell ni ó fi òpin sí ayé ‘bó ti pọ̀ tó ni ó dára tó’. Ohun èlò tí ó níye lórí jù lọ nínú ìtàn yìí ni èyí tí a ṣe láti fún ènìyàn ní díẹ̀.

Ó yẹ kí a fi ìṣirò díẹ̀ kún un níbí. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ní 21% ọ́síjìn. Rọ́bà imú oníhò méjì, bí a bá fi lítà 1 sí 4 ní ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí i, ń gbé e dé nǹkan bí 24% sí 36%. Ìbòmú lásán nílò lítà 5 sí 10, yóò sì fún aláìsàn ní nǹkan bí 40% sí 60%. Ìbòmú alápò ń fẹ́ lítà 10 sí 15, òun nìkan ni ó lè kọjá 60% dáadáa. Ohun tí a máa ń gbójú fò ni pé bí ohun tó ń wọ inú ìbòmú lásán bá dín sí lítà 5, èémí tí aláìsàn ti mí síta ni yóò tún máa mí sínú. Ẹni tí ó bá ní lítà 2 péré tí ó sì fi ìbòmú bo ọmọdé lójú nítorí pé ìbòmú ‘lágbára ju rọ́bà lọ’ ti ṣe ọmọ náà ní ibi.

Ọ́síjìn ní ilẹ̀ wa

Ní nǹkan bí 1956 sí 1957, David Morley, tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì gbé iṣẹ́ ibẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Kíkó oògùn sún mọ́ ìyá ọlọ́mọ ni ọgbọ́n rẹ̀. Ọ́síjìn kò sí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sì lè sí níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí irin ńlá tí ó wúwo ni a ń rọ ọ́ sí. Ní ọdún 1957 kan náà ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, UCH, ṣí ilẹ̀kùn. Ní 1959, ilé iṣẹ́ gáàsì àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lábẹ́ orúkọ Industrial Gases. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣáájú. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ajórinmọ́rin, tí à ń pè ní wẹ́dà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí sílíńdà ọ́síjìn, kí wọ́n tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ọjọ́ sílíńdà ni a wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tó sì tẹ̀lé e ni pé ọ̀nà ni ó ń yan ohun èlò. Sílíńdà ńlá tí wọ́n ń pè ní J gba lítà 6,800. Bí a bá fi ìbòmú alápò lo lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní pé wákàtí 8 kí ó tó tán. Bí a bá fi rọ́bà imú fún ọmọdé kan ní lítà 1, yóò lo ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí 17. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ tí yóò gbé sílíńdà mìíràn dé ṣì wà lójú ọ̀nà yóò yan rọ́bà imú, ìbáà jẹ́ ìbòmú alápò ni àìsàn ń bèèrè. Nínú ìlú ńlá tí ilé iṣẹ́ arọ-gáàsì wà, ìpinnu náà lè yàtọ̀. Nípa báyìí, aláìsàn méjì tí àìsàn wọn kò yàtọ̀ ń gba ìtọ́jú méjì, ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye máìlì.

Ohun mìíràn tẹ̀lé e tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn. Nítorí pé ọ́síjìn wọ́n, tí ẹbí aláìsàn sì ń san owó rẹ̀, ẹni tí ikú ti ń pè ni a sábà máa ń fún. Àwọn ènìyàn rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ yọ: bí wọ́n bá ti fi nǹkan sí i nímú, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti tìtorí èyí bẹ nọ́ọ̀sì kí ó má ṣe fi rọ́bà sí ọmọ òun. Àwọn kan a máa pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀kan. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rí ojú ni obìnrin náà ń tẹ̀lé, ẹ̀rí náà sì pé. Àìtó ọ́síjìn ló dá ẹ̀rí ọ̀hún sílẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀rọ kan ti ń di gbajúmọ̀ tí ó lè já ilé ìwòsàn gbà lọ́wọ́ ọ̀nà. Kọnsẹntirétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí a ti ń sẹ́ ògì ni ó ń sẹ́ afẹ́fẹ́: ó fa afẹ́fẹ́ yàrá wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ gba inú àwọn ẹ̀yọ òkúta wẹ́wẹ́ kan tí à ń pè ní zeolite, òkúta náà di náítírójìn mú, ọ́síjìn tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń jáde. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ń mú lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá pín in, ọmọ márùn-ún lè máa mí lórí ẹ̀rọ kan. Ní Papua New Guinea, wọ́n kó kọnsẹntirétọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí ilé ìwòsàn 5, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 sì fi hàn pé ikú àwọn ọmọ tí òtútù àyà mú fi 35% dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà ti bọ́ sọ́wọ́ iná. Ó ń jẹ nǹkan bí wáàtì 350 láìdúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹkùn gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò rí iná mọ̀nàmọ́ná fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn 2014. Jẹnẹrétọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ra epo rẹ̀ lóru ńkọ́? Ìṣòro kejì fara sin ju èyí lọ. Bí sílíńdà bá tán, mítà rẹ̀ yóò sọ fún wa. Bí òkúta inú kọnsẹntirétọ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ̀rọ náà yóò ṣì máa kùn, afẹ́fẹ́ yóò ṣì máa jáde lẹ́nu rọ́bà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yàrá lásán lè ni. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti Melbourne, Adégòkè Fálàdé, Ayọ̀bámi Bákàrè àti Hamish Graham lára wọn, yẹ àwọn ilé ìwòsàn 12 wò ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Ògùn ṣáájú iṣẹ́ àtúnṣe wọn, wọ́n rí kọnsẹntirétọ̀ púpọ̀ tí ó wà ní ìdúró tí kò sì mú ọ́síjìn tó yẹ jáde.

Ojú àti ọ́símítà

A ti sọ ohun tí àìsàn ń bèèrè àti ohun tí ọ̀nà gbé dé. Ó ku ohun tí ojú rí. Kí ẹnikẹ́ni tó yan ohun èlò, ó ní láti mọ̀ pé ọ́síjìn kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Àwọn ìwé òyìnbó kọ́ wa pé kí á wo ètè àti èékánná bóyá wọ́n ti dúdú bí aró. Ara funfun ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Lára aláwọ̀ dúdú, nínú yàrá tí fìtílà kan ń tàn sí, àmì náà kì í hàn títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ọmọ tí ó ń mí gúlegúle ni a máa ń fún ní ọ́síjìn, èyí tí ó dákẹ́ jẹ́jẹ́ nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni a sì máa ń fi sílẹ̀.

Takuo Aoyagi ará Japan ló gbé ọ̀nà mìíràn jáde láàrin 1972 sí 1974. Ẹ̀rọ rẹ̀, ọ́símítà, ń tan iná gba inú ìka kọjá, ó sì ń ṣírò iye ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ gbé bí ọkàn ti ń lù. Lábẹ́ ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ọmọ tí òǹkà rẹ̀ bá wá sí ìsàlẹ̀ 90% gbọ́dọ̀ gba ọ́síjìn. Iṣẹ́ tí Fálàdé, Bákàrè, Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn 12 yẹn, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, kọ́ wa ní ohun kan tí a kò retí. Ìpele méjì ni wọ́n fi ṣe é: ọ́símítà àti ẹ̀kọ́ lílò rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kọnsẹntirétọ̀ àti iná tí yóò gbé e sì dé lẹ́yìn. Kí ẹ̀rọ ńlá tó dé rárá, iye àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ọ́síjìn tí wọ́n sì rí i gbà ti lọ sókè gidigidi. Ọ́síjìn díẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pín fún ẹni tó yẹ. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń há ìka ti ṣe ohun tí a rò pé ẹ̀rọ ńlá nìkan ló lè ṣe.

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ sọ ọ́símítà di òrìṣà. Ní oṣù kejìlá 2020, Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan fi hàn pé nínú àwọn tí ọ́símítà kà sí 92% sí 96%, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an kò tó 88% jẹ́ 11.7%, ti àwọn aláwọ̀ funfun sì jẹ́ 3.6%. Ẹ̀rọ tí a gbé wá kí ó lè rọ́pò ojú ti jogún àbùkù ojú. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún nọ́ọ̀sì ní Ore ni pé 92% lára ọmọ tí ó ń tiraka láti mí kò tó láti fọkàn balẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí CPAP

Láàrin ìbòmú àti ẹ̀rọ ńlá tí ń mí fún ènìyàn, ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní CPAP. Gregory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1971 fún àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù. Wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ gba imú ọmọ, èyí tó sì ń padà jáde ń gba ọ̀pá tí a ri bọ inú omi. Bí ọ̀pá náà ti jinlẹ̀ tó nínú omi ni agbára tí ń di àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró mú kí wọ́n má baà pa dé. Ìgò, omi àti rọ́bà tó láti ṣe é, ìdí nìyí tí ó fi wu ilé ìwòsàn tí kò lówó. Ní Nàìjíríà, Hippolite Amadi fi ọdún púpọ̀ ṣe irú rẹ̀, ó fi ohun tí ń po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́ kún un kí ojú ọmọ má baà fọ́, ó sì gba Ẹ̀bùn Nàìjíríà fún Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti 2023 fún iṣẹ́ náà.

Ṣé kí ilé ìwòsàn bíi ti Ore wá yan CPAP fún gbogbo ọmọ tí òtútù àyà bá mú gidigidi? Ìtàn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kò jẹ́ kí a dáhùn kíákíá. Ní Dhaka, Bangladesh, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 rí i pé 4% ni ó kú nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sí CPAP, nígbà tí 15% kú nínú àwọn tí wọ́n fún ní ọ́síjìn lásán láti inú rọ́bà imú. Ayọ̀ ńlá ni. Ní Ghana, 2017, àǹfààní rẹ̀ kò hàn lára gbogbo ọmọ lápapọ̀, ó hàn lára àwọn tí kò tíì pé ọdún kan. Ní Malawi, 2019, ọ̀rọ̀ dojú rú: 17% ló kú lórí CPAP, 11% lórí rọ́bà imú.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi irú àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí, ó sì tọ́ ní apá kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Malawi ni àìjẹunkánú tàbí àrùn kògbóògùn ti bá jà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba àfiyèsí wa jù ni pé ní Dhaka, dókítà wà nítòsí tọ̀sán tòru. Ní ilé ìwòsàn Malawi náà, kò sí dókítà tí ń bojú tó wọn lójoojúmọ́. CPAP lè fẹ́ ikùn ọmọ, ó lè mú kí ó bì, kí èébì sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí yóò rí i kí ó tó pẹ́ jẹ́ ara ohun èlò náà. Lójú tiwa, èyí ni ibi tí àwọn tí ń ka iye ẹ̀rọ tí ìjọba rà ti máa ń ṣìnà: wọ́n ń ka irin, wọn kì í ka ojú tí ń ṣọ́ irin náà ní agogo mẹ́ta òru.

Ọdún 2020 sí 2021

Ìjọba àpapọ̀ ti ní ètò fún ìmúgbòòrò ọ́síjìn fún 2017 sí 2022, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọjọ́ 2 oṣù keje 2020 ni àrùn náà pa Dókítà Wahab Adégbẹ́nrò tí í ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera. Ní oṣù kìíní 2021, Gómìnà Sanwó-Olú sọ pé ọ́síjìn tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ní ilé ìwòsàn Yaba ti ti 70 sílíńdà di 350. Ohun èlò tuntun kan tí ń fẹ́ lítà 60 ní ìṣẹ́jú kan gba imú wọlé ti gbajúmọ̀ nígbà náà ní ilẹ̀ òkèèrè. Sílíńdà ńlá kan kò lè gbé e fún wákàtí méjì. Ní oṣù kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 6.45 náírà láti dá ilé iṣẹ́ ọ́síjìn sílẹ̀ ní ibi 38. Ìwọ̀n tí ètò náà kò gbé yẹ̀ wò tó ni bí ọ́síjìn yóò ṣe kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà dé ìlú tí ó wà ní oríta.

Ore àti Odigbo

Bí a bá fi gbogbo èyí ka oríta Ore, yíyan náà yóò hàn kedere ju bí ìwé ìṣègùn ti máa ń fi í hàn. Ọmọdé tí òtútù àyà mú nílò rọ́bà imú, lítà 1 sí 2, láti ara kọnsẹntirétọ̀ tí ẹnìkan ti wọn ọ́síjìn rẹ̀, pẹ̀lú sílíńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìgbà tí iná bá lọ. Àgbàlagbà tí èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ kò nílò ju ìbòmú Venturi 28% tàbí rọ́bà imú pẹ̀lú lítà 1 sí 2, kí òǹkà ọ́símítà rẹ̀ wà láàrin 88% sí 92%. Ní Tasmania, ìwádìí 2010 fi hàn pé 4% ló kú nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n ọ́síjìn fún báyìí nínú ọkọ̀ àìsàn, tí 9% sì kú nínú àwọn tí wọ́n kàn fún ní púpọ̀. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù lè lo CPAP níbi tí nọ́ọ̀sì tí a kọ́ bá wà láti ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, tí ohun tí ń po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́ sì wà.

Ti ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe ló le jù. Kọnsẹntirétọ̀ olítà 5 kò wúlò fún un. Ìbòmú alápò pẹ̀lú lítà 15 ni ó nílò, sílíńdà nìkan ló sì lè gbé e. Ní Oǹdó ni ilé ìwòsàn fún ìfarapa àti iṣẹ́ abẹ wà, nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà sí Ore. Sílíńdà kékeré tí a sábà máa ń gbé sínú ọkọ̀ àìsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní E, gba lítà 680. Ní lítà 15, ìṣẹ́jú 45 ni yóò lò. Ní lítà 10, tí àpò ìbòmú kò bá tíì máa rọ̀ pátápátá bí aláìsàn ti ń mí, yóò lo ìṣẹ́jú 68. Ọkọ̀ tí ó bá wọ inú ihò ọ̀nà, tàbí tí tírélà dábùú ọ̀nà mọ́, kò ní dé láàrin ìṣẹ́jú 45. Ìṣirò yìí ni nọ́ọ̀sì ní láti ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀.